Pépà Mẹ́rin Lábẹ́ Irin

Lọ́jọ́ tí a sin bàbá àgbà mi, àlùfáà dúró lórí àga ìwàásù, ó ní ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n, ẹni tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Màmá, ìyàwó wọn láti ọdún gbọọrọ, fi ìgbúnwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Dúpẹ́ ọmọ mi," ni wọ́n sọ sí mi létí, "ta ni àlùfáà ń sọ? Ṣé inú pósí tiwa yìí ni ẹni yẹn wà?" Mo fi gèlè bo ẹnu. Ẹ̀rín àti ẹkún jọ bá mi lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó jókòó lẹ́yìn mi sì rò pé ẹkún nìkan ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kọ èyí. N kò fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn láti ọjọ́ ìbí. Ìyẹn ti wà nínú ìwé ètò ìsìnkú, pẹ̀lú fọ́tò tí wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà nu gbogbo ìhunjọ ojú wọn kúrò. Ẹni tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ kọ: ọkùnrin Èkìtì kan tó kúrú, tó ní etí ńláńlá, tó máa ń bá gbogbo ayé jà lórí ohunkóhun tí kò bá jókòó dáadáa.

Inú Ìbà Housing Estate ni à ń gbé. Ṣọ́ọ̀bù Bàbá wà ní Òkókómáíkò, níbi tí àwọn oníṣẹ́ irin pọ̀ sí. Ẹ̀rọ ńlá méjì ló wà níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́, irin ló ń yí, ọ̀bẹ á sì máa gé e bó ṣe ń yí. Èkejì tí wọ́n ń pè ní mílìn, ọ̀bẹ ló ń yí ní tirẹ̀, irin gbọ́dọ̀ dúró gbọingbọin lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń di irin náà mú ni fáìsì. Ẹnu méjì ló ní, ọ̀kan dúró sójú kan, èkejì ń rìn, apá kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí a fi ń yí i kó le. Bí o bá fẹ́ mọ bàbá àgbà mi, ìdí fáìsì yẹn ni kí o ti wá wọn.

Bàbá Onípépà ni àwọn oníbàárà ń pè wọ́n. Àlejò lè rò pé ìwé ni wọ́n ń tà. Bí iṣẹ́ bá dé, wọ́n á kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá èérún irin kúrò lẹ́nu fáìsì, wọ́n á fi aṣọ nu ún, wọ́n á tún wá fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára, nítorí pé aṣọ a máa purọ́, bí wọ́n ṣe máa ń wí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé irin pẹlẹbẹ méjì tí gíga wọn dọ́gba sínú ẹnu fáìsì, kí iṣẹ́ lè rí ibi jókòó lé. Wọ́n á fi pépà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin lé e, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á gbé iṣẹ́ lé pépà lórí, wọ́n á yí fáìsì títí yóò fi le, wọ́n á wá fi òòlù òjé lu iṣẹ́ náà lórí kó lè wọlẹ̀. Òjé rọ̀, kì í dá egbò sí irin lára; inú agolo mílíìkì ni àwọn fúnra wọn ti yọ́ ọ. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni wọ́n á tó fa pépà wò. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kọ̀ tí wọn kò jáde, iṣẹ́ ti jókòó. Bí ọ̀kan péré bá yọ̀ jáde, gbogbo rẹ̀ á di títú, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí búrọ́ọ̀ṣì.

Mo bá wọn jiyàn nígbà kan lórí iṣẹ́ tí ọmọ kọ́ṣẹ́ kan tò. Mo ní, "Bàbá, mẹ́ta ṣáà ti dì mú. Mẹ́ta nínú mẹ́rin, ìyẹn ti tó láti yege nínú ìdánwò èyíkéyìí." Wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹyọ kan tó bá jáde," ni wọ́n wí, "mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jáde."

Kì í ṣe gbogbo pépà ni wọ́n ń lò o. Ìwé ìpè ìgbéyàwó ti ki jù. Pépà tí wọ́n fi ń wé búrẹ́dì ní ọ̀rá lára. Ìwé ètò ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ló bá wọn lára mu jù, wọ́n sì máa ń kó gbogbo èyí tí àwọn èèyàn bá fi sílẹ̀ lórí àga lẹ́yìn ìsìn. Àwọn ará ìjọ rò pé ìfẹ́ ilé Ọlọ́run ló ń ṣe wọ́n. Nígbà tí mo wọ yunifásítì, ìwé ìdánwò mi náà bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Mo dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, mo bá ìbéèrè kẹta, èyí tí n kò rí dáhùn, lábẹ́ irin ọ̀kadà kan. Bàbá tọ́ka sí i, wọ́n ní, "Wò ó, ó ti wúlò."

Kò parí sí ṣọ́ọ̀bù. Wọn kò lè jókòó nídìí tábìlì tó ń mì. Ìgbìmọ̀ ìjọ ń jà lọ́jọ́ kan lórí ẹni tí yóò máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn, ohùn ti ròkè, àfi bí Bàbá ṣe ká agbádá wọn dání, tí wọ́n wọ abẹ́ tábìlì lọ bí ẹni tó ń wá owó ẹyọ. Bíńtín ni ẹsẹ̀ tábìlì fi kúrú; wọ́n ti ká pépà sí i kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ojú ti Màmá dé ilé. Wọ́n ní, "Bí ọkọ mi bá dé ọ̀run, ìtẹ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ mì wò."

Màmá sì ní ẹjọ́ tiwọn. Èérún irin wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wà nínú kápẹ́ẹ̀tì, ó bá Bàbá wọ inú ọbẹ̀ rí. Àmọ́ bí ẹlòmíràn bá bú Bàbá lójú wọn, kí olúwarẹ̀ tètè wá ọ̀nà lọ ni.

Sójà kan láti bárékè Ọ̀jọ́ gbé irin ẹ̀rọ omi wá nígbà kan. Ó rí i bí Bàbá ṣe fi ọwọ́ kan yí fáìsì, àánú sì ṣe é. "Bàbá, ẹ sún, ẹ jẹ́ kí n bá yín fún un. Ẹ ti dàgbà." Ó ki páìpù gígùn bọ apá fáìsì kó lè ní agbára sí i, ó sì fi gbogbo ara lé e. Bàbá jẹ́ kó ṣe é tán. Wọ́n ní kó fa pépà wò. Pépà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu tó ń rìn yọ̀ jáde wẹ́rẹ́, nítorí pé ẹnu fáìsì tí a bá fún ní àfúnjù a máa gbé irin nílẹ̀. Bàbá yọ páìpù náà kúrò, wọ́n tú u, wọ́n nu ún, wọ́n fi ọwọ́ kan yí i, wọ́n sì lu irin lẹ́ẹ̀mejì. Ó dún kìì, kìì, bí ìgbà tí èèyàn lu ilẹ̀. Sójà fa pépà títí tó fi já mọ́ ọn lọ́wọ́. "Agbára kọ́ ló ń di irin mú, ọ̀gá sójà," ni Bàbá wí fún un. "Ìjókòó ni."

Ẹ kíyè sí ohùn òòlù yẹn, nítorí pé òun ló pa dà dá ìtàn yìí sílẹ̀. Bí irin bá ti jókòó, òòlù òjé á dún kìì. Bí àyè bá wà lábẹ́ rẹ̀, kódà bí àyè náà kò ju irun orí lọ, á dún kàn-án. Etí Bàbá ti mọ̀ kí pépà tó sọ̀rọ̀. Wọ́n á ní, "Ó ti jókòó," lẹ́yìn náà ni wọ́n á fa pépà bí ẹni tó ń pe ẹlẹ́rìí. Ní gbogbo ìgbà tí mo wà ní kékeré, n kò rí i kí pépà bá wọn jiyàn rí.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ Múfú báyìí. Bùọ̀dá Múfú ni mo ń pè wọ́n lójú, àmọ́ kí "wọ́n" má baà pọ̀ jù nínú ìwé yìí, Múfú ni n óò máa pè é. Mo ti tọrọ àyè, ó sì ní kò burú. Ará Ìfọ̀ ni. Ọ̀dọ̀ Bàbá ló ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ló ti gba fírídọ̀ọ̀mù, kò sì lọ. Ó dúró bí igbákejì. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti Bàbá lọ, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Oníbàárà kan wá láti Alábà pẹ̀lú irin méjì tó jọra, ó ní òun ń kánjú. Múfú to méjèèjì pọ̀ sí ẹnu fáìsì kan náà, kó lè gé wọn lẹ́ẹ̀kan. Kò fi pépà sí i. Irin kan sì fi díẹ̀ tín-ín-rín ju èkejì lọ. Bí irin méjì kò bá dọ́gba, èyí tó nípọn nìkan ni ẹnu fáìsì máa bù jẹ; èyí tó tín-ín-rín á kàn dúró níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n dì mú. Bí ọ̀bẹ ṣe kàn án báyìí, irin náà fò. Ó gba ẹ̀gbẹ́ etí Bàbá kọjá, ó lu páànù òrùlé já, oòrùn sì ti ibẹ̀ wọlé sórí gbogbo wa. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mí nígbà náà. Oúnjẹ ni mo gbé wá fún wọn. Ẹnì kan sáré lọ pa jẹnẹrétọ̀.

Bàbá kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," ni Múfú wí. "Oníbàárà ló ń kánjú."

"Oníbàárà ń kánjú," ni Bàbá dá a lóhùn. "Ṣé irin náà ń kánjú?"

Lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n ṣe òfin kan lójú gbogbo wa. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé iṣẹ́ ti jókòó, tí pépà sì sọ pé kò jókòó, kó gbé ọwọ́ kúrò lórí mílìn, kó lọ máa fi fáìlì ha irin nídìí bẹ́ǹṣì títí oṣù mẹ́ta fi máa pé. "Bó jẹ́ èmi náà ni," ni wọ́n fi kún un. Múfú ló sì kọ́kọ́ bọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta nídìí fáìlì, fún ẹni tó ti gba fírídọ̀ọ̀mù! Iṣẹ́ ọmọ tó dé láàná ni. Múfú ṣe é fún ọ̀sẹ̀ kan, ó fi fáìlì lélẹ̀, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn lọ ní Ìjànikin. Ọdún méjì ni òun àti Bàbá fi yan ara wọn lódì. Bàbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí ihò orí páànù. Bí òjò bá rọ̀, garawa ni wọ́n ń gbé sábẹ́ rẹ̀. Àwa bẹ̀ wọ́n títí. "Ẹ jẹ́ kó máa jò," ni wọ́n ń wí. "Ibi tó ń jò lèèyàn kì í gbàgbé."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ọkàn wọn le, ẹ dúró ná. Aṣọ ìnuwọ́ Múfú ṣì wà lórí ìṣó rẹ̀ ní gbogbo ọdún méjèèjì. Ọjọọjọ́ Sátidé ni Bàbá ń mú un wálé, tí Màmá ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń gbé e pa dà lọ fi kọ́ ní Mọ́ńdè. Màmá bi wọ́n léèrè pé ta ló ń dọ̀tí rẹ̀. Wọ́n ní eruku ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Múfú dé. Irin ẹ̀rọ ìlọta kan ló gbé dání, tí ara rẹ̀ rí págunpàgun, tí fáìsì kankan ní Ìjànikin kò rí dì mú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò sì lọ. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Bàbá wo irin náà pẹ́, wọn kò wo ẹni tó gbé e. Wọ́n ní, "Pépà wà lójú fèrèsé." Kò sí ohun mìíràn tí wọ́n bá ara wọn sọ nípa ọdún méjì. Wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá mú ọ̀pá róbótó kékeré kan, wọ́n fi sáàárín irin náà àti ẹnu tó ń rìn, irin náà sì yí díẹ̀ fúnra rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ẹnu tó dúró, ó jókòó. "Ohun tó bá rí págunpàgun, má fi ipá tẹ̀ ẹ́," ni Bàbá wí. "Fi nǹkan róbótó sáàárín, á wá ibi tó máa jókòó sí fúnra rẹ̀." Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni mo tó gbọ́ pé Màmá ló ránṣẹ́ sí Múfú pé kó máa bọ̀. Bàbá kò sì bèèrè oṣù mẹ́ta náà lọ́wọ́ rẹ̀ títí wọ́n fi kú.

Nísinsìnyí mo dé ibi tó ń dùn mí.

Nígbà tí mo wà ní ìpele tó kẹ́yìn, wọ́n ti yunifásítì pa fún oṣù púpọ̀. Bàbá ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún. Rédíò wọn ti ń pariwo débi pé àwọn ará ilé kejì ń gbọ́ ìròyìn tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Màmá ní kí n máa bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí n máa fojú sí wọn lára. Ìka Bàbá náà ti le, kò fi bẹ́ẹ̀ mọ pépà fẹ́lẹ́ mọ́, nítorí náà wọ́n fún mi níṣẹ́. Bí wọ́n bá ti ní, "Ó ti jókòó," èmi ni n óò fà á. "Ìwọ ni ẹlẹ́rìí mi," ni wọ́n wí, inú mi sì dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Mo fà á fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Kò jáde. Àmọ́ ní àràárọ̀ ni ẹ̀rù ń bà mí, nítorí pé mo mọ òfin wọn, mo sì mọ̀ pé etí tó ti ń lọ kò ní fi oṣù mẹ́ta pa dà.

Ọjọ́ náà, obìnrin kan tó ń ṣe gaàrí ní Ìjànikin ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Irin ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ló ṣẹ́. Ẹ̀gẹ́ tó ti bó sílẹ̀ láti àná ń bàjẹ́. Bàbá to gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tò ó. Wọ́n lu irin náà. Èmi tí n kì í ṣe oníṣẹ́ irin gbọ́ ọ: kàn-án. Bàbá ní, "Ó ti jókòó."

Mo fa pépà. Ọ̀kan, ó dì mú. Èkejì, ẹ̀kẹta, wọ́n dì mú. Ẹ̀kẹrin bá ọwọ́ mi bọ̀ dé ìdajì. Mo wo ojú Bàbá. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ọwọ́ wọn ti wà lórí bọ́tìnnì ẹ̀rọ. Mo fi ìka bo pépà náà. Mo ní, "Ó dì mú, Bàbá. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀bẹ kọjá lórí rẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ìgbà kejì, irin náà gbé orí sókè. Ọ̀bẹ ṣẹ́. Irin fò lọ sókè, ó lu páànù, Múfú tó ń da epo sí jẹnẹrétọ̀ lóde sáré wọlé wá pa ẹ̀rọ. Ihò kejì ti là sórí òrùlé, kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ sí ti àkọ́kọ́. Obìnrin náà ti wà nílẹ̀, ọwọ́ lórí. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ Bàbá níbi tí àfọ́kù ọ̀bẹ ti gé wọn. Bí ó bá wọlé díẹ̀ sí i, ojú wọn ni.

Bàbá bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣa àwọn pépà náà. Mẹ́ta ti ya pẹ́rẹ́pẹ̀rẹ. Ẹ̀kẹrin wà ní odidi. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí. Mo la ẹnu. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè pé kí n dákẹ́.

"Etí mi ló ṣe é," ni wọ́n wí, sókè, kí gbogbo wa lè gbọ́. "Mo ní ó ti jókòó, kò jókòó." Wọ́n tú épírọ̀nù wọn. Wọ́n yọ apá fáìsì, wọ́n nà án sí Múfú. Múfú dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí èérún irin.

"Ọ̀gá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni tìẹ náà."

"Oṣù mẹ́ta lòfin wí, sà."

"Oṣù mẹ́ta ò lè dá etí pa dà," ni Bàbá wí. "Dìde, kí o ṣe iṣẹ́ ìyá yìí fún un. Ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ń bàjẹ́." Múfú ṣe irin tuntun fún obìnrin náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, èmi ni mo sì gbé e dé ẹ̀bá ọ̀nà fún un. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ń dùn mí dé eegun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá jókòó síwájú ilé, wọ́n ń mu ògì, pílásítà ńlá wà lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, pépà kẹrin jáde. Mo purọ́."

"Mo mọ̀. Pépà tó bá dì mú máa ń ya."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ gbà á sọ́rùn?"

Wọ́n gbé ife sílẹ̀. Wọ́n pè mí ní oríkì mi, Àbẹ̀ní, tí wọn kì í sábà pè. Ó sàn kí wọ́n nà mí. "O kò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi," ni wọ́n wí. "Mo rí i lójú ẹ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, mo sì tún ń ní kó o máa fà á. Ẹni tó bá fi ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, òun fúnra rẹ̀ ló jẹ̀bi." Wọ́n mu ògì díẹ̀ sí i. "Àmọ́ bó o bá tún fà á fún ẹnikẹ́ni, ohun tí ọwọ́ ẹ bá rí ni kí ẹnu ẹ sọ."

Wọn kò fọwọ́ kan mílìn mọ́. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń lọ kí Múfú, wọ́n á gbé àga sí abẹ́ ihò méjèèjì, wọ́n á máa wò. Mo máa ń rí ọwọ́ wọn lórí apá àga, tí yóò máa yí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń fún nǹkan. Ó ń bà mí nínú jẹ́. Mo sọ fún Màmá pé èmi ni mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Bàbá. Màmá ń gé ilá, wọn ò dáwọ́ dúró. "Ọjọ́ orí ló gbà á," ni wọ́n wí. "Ìwọ kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó ń kọjá ni."

Nígbà tí Bàbá lọ tán, tí a gbé pósí wọn dé ṣọ́ọ̀ṣì, tábìlì tí wọ́n gbé e lé ń mì. Àwọn agbépósí kò kà á sí. Múfú ló wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, Mùsùlùmí láàárín ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lórí. Ó ká ìwé ètò ìsìnkú sí mẹ́rin, fọ́tò tí kò ní ìhunjọ náà wà nínú rẹ̀, ó fi sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ó sì mì ín wò. Kò mì mọ́. Lẹ́yìn náà ni àlùfáà tó gun àga ìwàásù, tó sọ ọ̀rọ̀ ẹni jẹ́jẹ́ tí mo ti sọ ṣáájú.

Mo ti di tíṣà ní Ìjànikin báyìí. Ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn ìsìnkú, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Múfú ti ń wọ awò ojú, irun rẹ̀ ti funfun. Bùnmi, ọmọbìnrin tó gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́dún tó kọjá, wà nídìí ẹ̀rọ tó ń yí irin. Ọkùnrin Ègùn kan dúró, irin ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló gbé wá láti etídò Ọ̀jọ́, ó ní àwọn èrò ń dúró de òun. Múfú fi òòlù òjé Bàbá lu irin náà.

"Ó ti jókòó," ló wí. Ó wá rí mi. Inú rẹ̀ dùn. "Dúpẹ́, ọmọ Ọ̀gá, wá bá mi fà á. Ó ti pẹ́."

Ó yẹ kí n sọ fún un pé kó má fi mí ṣe ẹlẹ́rìí. N kò lè sọ ọ́. Mo gbé báàgì mi sílẹ̀, mo fa pépà. Ọ̀kan dì mú. Èkejì dì mú. Ẹ̀kẹta bá ọwọ́ mi bọ̀.

Mo wo Múfú, tó dúró ti Bàbá títí dọ́jọ́ ikú, tó ní ọmọ mẹ́ta nílé ẹ̀kọ́, tó gbà pé kò sẹ́ni tó mọ fáìsì tó òun mọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì.

"Ó jáde, Bùọ̀dá Múfú," ni mo wí.

Ọkùnrin Ègùn náà pòṣé. Bùnmi pa ẹ̀rọ tirẹ̀. Múfú gba pépà náà lọ́wọ́ mi, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ún, ó tún wọ̀ ọ́, ó sì wo pépà náà dáadáa. Odidi ni. Ó gbójú sókè wo ihò méjèèjì lórí páànù. Lẹ́yìn náà, ó yọ apá fáìsì, ó nà án sí Bùnmi.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un tò ni," ni Bùnmi wí.

"Gbà á. Tú u, nu ún, kó o bẹ̀rẹ̀ láti orí búrọ́ọ̀ṣì." Ó mú fáìlì ńlá lára ògiri, ó lọ sídìí bẹ́ǹṣì tí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń lò, ó fa àga sábẹ́ ara rẹ̀. "Oṣù mẹ́ta tí mo sá fún nígbà náà ló dé yìí," ló wí fún mi.

Bùnmi tò ó. Mo fà á fún un. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dì mú, ọkùnrin Ègùn sì gba irin rẹ̀ lọ. Òjò ti ń ṣú nígbà náà. Mo wá garawa lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbé wọn sábẹ́ ihò wọn, méjì péré.